Orin Tí Motúnráyọ̀ Gé Kúrò

Ẹni tí yóò bá máa tún ìwé ṣe, ẹ jẹ́ kó ní etí orin. Motúnráyọ̀ ní in. Olóòtú ìwé ni, ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Yaba tó ń gbé ìwé ìtàn jáde. Bó bá ń ka iṣẹ́ òǹkọ̀wé, sókè ni í kà á. Bó bá kan orin, á kọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jó lábẹ́ tábìlì. Èyí tí kò bá dùn ún létí, gé! Àǹtí Ọlọ́bẹ ni àwọn òǹkọ̀wé ń pè é. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù á sì máa bà wọ́n.

Bàbá Ọládipúpọ̀ nìkan lẹ̀rù kì í bà. Àgbà òǹkọ̀wé tó ń gbé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni. Àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Nígbà tó gbé ìtàn rẹ̀ ìkẹyìn wá, ó ní:

"Motún, gé ohun tó bá wù ẹ́. Gé mi nímú pàápàá. Àmọ́ orin ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀ yẹn, má fọwọ́ kàn án."

"Ṣé wúrà lẹ fi sínú ẹ̀ ni, sà?"

"Ṣáà fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó fi í sílẹ̀. Orin náà tilẹ̀ wọ̀ ọ́ lára débi pé bó bá ń fọ abọ́ nílé rẹ̀ ní Àgùdà, òun ló máa ń kọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

Ọmọ mi, má tíì lọ,
Dúró o, dúró.
Bàtà rẹ ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà,
Dúró o, dúró.
Omi tí o pọn kò tíì tán,
Dúró o, dúró.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Muṣin ni wàhálà dé. Bébà ńlá ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n á ká a, á di ojú ewé mẹ́rìndínlógún. Ìtàn Bàbá wá fi ojú ewé méjì péré tayọ. Nítorí méjì yẹn, odidi bébà míì ni wọ́n á fi kún un, òfìfo gbalasa ni ìyókù á sì jẹ́. Débọ̀, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, wá dúró lé Motúnráyọ̀ lórí.

"Àǹtí Motún, ẹ bá mi gé ojú ewé méjì."

"Níbo?"

"Orin yẹn ńkọ́? Ojú ewé méjì géérégé ló gbà. Kò kúkú gbé ìtàn lọ síbì kankan."

"Bàbá ní ká má fọwọ́ kàn án."

"Bàbá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì? Tá a bá pàdánù àyè wa lọ́dọ̀ atẹ̀wé lónìí, ṣé ẹ rò pé ìwé yìí á bá a láyé?"

Motúnráyọ̀ mọ̀ pé òun lè bu díẹ̀ níhìn-ín, kí òun bu díẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ìyẹn ń fẹ́ àkókò. Ó mọ òfin iṣẹ́ pẹ̀lú: olóòtú kì í gé ọ̀rọ̀ láìfi han ẹni tó kọ ọ́. Àmọ́ orin ló rọrùn. Ó gé e. Kò fi han ẹnikẹ́ni.

Ìwé jáde. Motúnráyọ̀ wọ kẹ̀kẹ́, ó gbé e lọ bá Bàbá lórí ibùsùn. Bàbá gbọ́ òórùn bébà tuntun, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọwọ́.

"Motún, ṣí i síbi orin. Kọ ọ́ látinú ìwé, kí etí mi gbọ́."

Motúnráyọ̀ ṣí ibi tó rí ṣí. Àwọn ọkùnrin méjì ló ń jà sí ewúrẹ́ níbẹ̀. Ó tẹjú mọ́ wọn, ó sì kọ orin náà láti orí. Dúró o, dúró.

Omijé ń dà lójú Bàbá.

"Ọmọ wa nìyẹn, Ìrètí, tó kú níbi ìkúnlẹ̀. Christianah ìyàwó mi ló sun ún lẹ́kún lọ́jọ́ náà. Kò tún kọ ọ́ mọ́ láéláé. Mo ṣèlérí fún un pé kò ní sọnù, pé inú ìwé ni yóò máa gbé."

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá, Christianah fi gèlè bojú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí Bàbá fi kú.

Lọ́jọ́ ìsìn òkú, pálọ̀ kún dẹ́nu. Wọ́n ti pín ìwé náà fún gbogbo ẹni tó wá. Christianah bọ́ sí àárín wọn, ó na tirẹ̀ sí Motúnráyọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ bá mi ṣí i síbi tẹ́ ẹ ti kọ orin yẹn fún un. Mo wá a wá a, mi ò rí i. Mo fẹ́ ká jọ kọ ọ́ fún un."

Motúnráyọ̀ gba ìwé. Ó ṣí i. Ewúrẹ́ yẹn náà ló tún bá pàdé.

"Mọ́mì," ló wí, "mo gé e."

Christianah rọra gba ìwé rẹ̀ padà, ó pa á dé, ó sì lọ jókòó.

Kò kọrin. Ẹnikẹ́ni ò kọrin. Àwọn tó jìnnà ò gbọ́ ohun tí Motúnráyọ̀ sọ; ìró ewé ìwé nìkan lo máa gbọ́ nínú pálọ̀ náà, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ṣì ń wá a.