Ọwọ́ Gáàdì Lórí Koríko

Kà-kà-kà. Bàtà wa nìyẹn, bàtà onírin, lórí kọnkéré tó dà gẹ̀rẹ́ láti yàrá ìmúra lọ sí pápá iléèwé wa ní Brannock, ìlú èédú tí mo dàgbà sí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Aṣálẹ̀ Arizona ni mò ń gbé báyìí, èédú kò sí, odò kò sí, ṣùgbọ́n bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, etí mi á padà sílé.

Kóòṣì Rusk ló kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. Ìtò kan ṣoṣo ló fẹ́ràn. Àwa méje á dúró ní ìlà níwájú, a ó bẹ̀rẹ̀, a ó fọwọ́ kan kanlẹ̀. Ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù á wà lẹ́yìn ẹni àárín, àwọn asáré mẹ́ta á wà lẹ́yìn tiẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló máa gbé bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n gbogbo wọn á tẹ̀ ba bí ẹni tó di nǹkan mọ́ ikùn. Gáàdì ni mí, ẹ̀gbẹ́ ẹni àárín gan-an. Nígbà míì, mà á já lu ẹni iwájú mi. Nígbà míì, mà á yà kúrò ní ìlà, mà á gba ẹ̀yìn àwọn tiwa sáré lọ la ọ̀nà fún ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù.

"Milo," Kóòṣì á ní, "ilẹ̀ ni kí o máa wò. Èmi ni mò ń ronú."

Mo wo ilẹ̀. Mo rí i pé bí gáàdì bá fẹ́ já síwájú, gbogbo ara rẹ̀ á wà lórí ọwọ́, oríkèé ìka rẹ̀ á funfun. Bó bá fẹ́ yà, ọwọ́ náà á kàn fara kan koríko ni.

Kí ọdún tí a máa jáde níléèwé tó bẹ̀rẹ̀, Rusk gba orí afárá kọjá sọ́dọ̀ àwọn ọ̀tá wa ní Tillery. Kò dágbére. Ó sọ fún ìwé ìròyìn wọn pé ó ti rẹ òun láti máa kọ́ àwọn ọmọ tó máa parí sínú ihò èédú bíi bàbá wọn. Bàbá mi kà á nídìí oúnjẹ. Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó wúkọ́, ó wo èékánná rẹ̀ tí ọṣẹ kì í mú mọ́. Láti ìgbà náà, n kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ju kí ojú ti Rusk níwájú ìlú méjèèjì.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ìdúpẹ́ la máa ń pàdé Tillery, kí tòlótòló ọdún tó jinná nílé. Kóòṣì wa tuntun fi mí sẹ́yìn àwọn tó ń dènà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ọ̀tá. Ìtò kan náà ni Rusk gbé wá. Gáàdì wọn, ojú rẹ̀ pupa bíi tòmátì, wò mí láti ìsàlẹ̀.

"Ọmọ èédú, ṣé o wẹ̀ lónìí?"

"Tá a bá ṣe tán, ìwọ ni mà á fi nura."

Oríkèé rẹ̀ funfun. Mo já sí àárín, mo gbé asáré wọn lulẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́; mo tẹ̀ lé e lọ sí ẹ̀gbẹ́, bọ́ọ̀lù sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí àgùntàn. Stan Kovalik, òmìrán tó ń dènà níwájú mi, fà mí láṣọ.

"Ìwọ yìí, ta ló ń sọ fún ẹ?"

"Àdúrà ìyá mi àgbà ni."

"Sọ fún un kó má dákẹ́ o."

Nígbà tí fèrè ìparí kù díẹ̀, ayò díẹ̀ la fi ń ṣíwájú, ìṣísẹ̀ kan ló sì kù fún wọn láti gbé bọ́ọ̀lù wọlé kọjá ìlà ẹ̀yìn wa, kí wọ́n sì borí. Gbogbo èrò ń retí pé àárín ni wọ́n máa gbà. Ọwọ́ gáàdì náà fara kan koríko jẹ́jẹ́. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, mo ti wà ní ẹ̀gbẹ́, mo ń dúró. Asáré wọn kò wọlé.

Rusk rìn kọjá pápá wá bá mi.

"Milo, ta ló ta àmì àṣírí wa fún yín?"

Mo wò ó dáadáa, mo sì lọ jẹ tòlótòló. Bàbá mi gé itan tòlótòló náà fún mi, èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa ń jẹ lọ́dọọdún.

Rusk pààrọ̀ gbogbo àmì rẹ̀. Ó lé èrò kúrò níbi ìdánrawò. Kò wo ọwọ́. Èmi ti sọ fún ẹni tó gba ipò mi, òun náà sì sọ fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Tillery kò borí wa títí ọkùnrin náà fi gbé fèrè sílẹ̀.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin rẹ̀ wá mi rí, ó kọ̀wé sórí fóònù mi. Bàbá òun kò lè dìde mọ́, ó ní, ohun kan ló sì ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé: kí ni Milo rí? Àánú fẹ́ ṣe mí. Mo rántí fọ́ọ̀kì tí Bàbá gbé sílẹ̀, mo sì jẹ́ kó dúró di àárọ̀ Ọjọ́ Ìdúpẹ́. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"Kóòṣì, ẹ ní ilẹ̀ ni kí n máa wò. Mo wò ó. Ọwọ́ gáàdì yín wà níbẹ̀, lójú yín, ní gbogbo ọdún yẹn. Èmi ni, ọmọ Joe Hudak tó ń wa èédú."