Àtẹ Tí Kò Mọ́

Ó wúwo. Kò yẹ kó wúwo báyìí. Okùn àtẹ oúnjẹ edé ń ge mí lọ́wọ́ bí mo ṣe ń fà á láti ìsàlẹ̀ adágún, omi ń ṣàn kúrò lára rẹ̀, síbẹ̀... Rárá o. Omi ni. Omi ló wà nínú rẹ̀, yóò jò dànù.

Ó jò dànù. Oúnjẹ ló kù. Oúnjẹ aláwọ̀ ewé tí mo fi ọwọ́ ara mi pò, bí mo ṣe dà á síbẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ṣe wà. Àwọn edé mi kò jẹ ẹ́!

Zoraida, fara balẹ̀. Má gbórí sókè. Papá wà lórí bèbè pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀, ó jókòó sórí garawa tó dojú dé, ó ń wò ẹ́. Euclides ẹ̀gbọ́n mi náà wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀ lórí adágún kejì, èyí tó ń fi ẹja lílọ̀ bọ́ edé inú rẹ̀, ó ń fa àtẹ tirẹ̀. Bí Papá ṣe dá a nìyẹn. "Kí kálukú yín lọ fa àtẹ rẹ̀. Ẹni tí edé rẹ̀ bá jẹ àtẹ mọ́, òun ni yóò máa bọ́ gbogbo adágún ilé yìí. Mi ò fẹ́ ariwo mọ́." Gbogbo adágún. Tí mo bá pàdánù lónìí, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ lẹ́nu mi mọ́. Mo padà sídìí fífọ àpótí yìnyín nìyẹn.

Àmọ́ oúnjẹ yìí dára! Mo mọ̀ pé ó dára. Ta ló ń fọ́n ẹja lílọ̀ fún edé inú òkun? Ewé omi ni wọ́n ń jẹ, èyí tó tín-ín-rín débi pé ojú ò rí i, àfi kí omi ṣáà máa pọ́n bíi tíì. Òun náà ni ẹja kéékèèké ń jẹ kí wọ́n tó kó wọn, kí wọ́n tó sá wọn gbẹ, kí wọ́n tó lọ̀ wọ́n wá fún wa. Ẹja kàn jẹ́ alágbàtà ni. Èmi fẹ́ rà lọ́wọ́ olóko fúnra rẹ̀, ewé omi gan-an ni mo fi po oúnjẹ tèmi. Kí ló burú níbẹ̀?

"Ñaña, àbúrò mi, ṣé o fẹ́ sọ edé di màlúù ni? Ewéko! Ó kù kó o so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, kó o dà wọ́n lọ sí pápá."

Euclides nìyẹn lánàá, pẹ̀lú bolón ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́nu. Mo ní, "Màlúù ò ṣáà rùn tó ẹnu rẹ." Papá rẹ́rìn-ín débi pé kọfí gba imú rẹ̀ jáde. Inú mi dùn, àfi bí ẹni tó ti borí.

Kí ló wá dé? Òórùn ni? Mo fi òróró ẹja díẹ̀ sí i kó lè ta sánsán. Àbí ó le jù? Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ — ó rọ̀. Àbí wọ́n ń ṣàìsàn... Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń jẹ àtẹ mọ́ bí ìgbà tí èèyàn fi ahọ́n lá a. Mo gbé wọn sójú oòrùn, mo rí ìfun wọn, ó kún dáadáa. Èmi fúnra mi ni mo rí i, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi.

Edé kan ṣoṣo ló wà ní igun àtẹ. Kò tilẹ̀ ta pútú. Mo mú un... Ó rọ̀. Ó rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́.

Dúró ná.

Edé tó bá rọ̀, ó ti bọ́ èèpo ni. Mo wo omi. Èèpo! Wọ́n léfòó káàkiri ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n mọ́ gaara bí ọ̀rá. Láti ìgbà tí mo ti wọkọ̀ ni mo ti ń fi àjẹ̀ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò rí wọn. Mo yíjú sẹ́nu odò: òkun ti gun òkè, ó ti bo gbogbo gbòǹgbò igi etí omi mọ́lẹ̀. Òṣùpá àrànmọ́jú lánàá... Aguaje ni! Aguaje ti dé, àwa ń jà!

Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí Jambelí ló mọ aguaje. Bí òṣùpá bá ti kún, tí òkun gun òkè, edé á bọ́ èèpo, á sá pamọ́ sínú ẹrẹ̀, kò ní jẹun. Bó o gbé àsè ìgbéyàwó kalẹ̀ fún un, kò ní yọjú. Papá ló kọ́ wa. Papá kan náà ló mú ọjọ́ òní, àwa méjèèjì sì gbà, nítorí ọ̀rọ̀ màlúù la gbájú mọ́. Kò sẹ́ni tó wo ojú ọ̀run nínú wa. Irú ìdílé wo nìyí, Jésù?

Ó dáa. Kì í ṣe oúnjẹ mi. Mo wí bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ jáde? Tí mo bá la ẹnu pé aguaje ni, Euclides á ní, "Ẹ gbọ́, ó ti rí òṣùpá dì mú." Á ní àwáwí ni. Á gbé àtẹ tirẹ̀ sókè fún Papá, á mọ́ —

Á mọ́ báwo?

Mo gbórí sókè. Ilẹ̀ tóóró kan ló là wá láàárín. Ẹ̀gbọ́n mi dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbá àtẹ mọ́ ìbàdí, ó kẹ̀yìn sí Papá. Ó ti fà á tipẹ́. Kò pariwo. Euclides, tó máa ń pariwo kó tó rí ohun tó máa pariwo lé lórí! Ẹja lílọ̀ rẹ̀ wà nínú àtẹ gẹ́gẹ́ bí ewé omi tèmi ṣe wà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi. Ẹ̀rù ń bà á.

Ó rò pé tèmi mọ́.