Lẹ́tà Tó Dá Wọn Dúró Níbi Afárá

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n sin Iredélé, ọmọ Àjíṣafẹ́, obìnrin ọlọ́pàá kan wá sí ilé bàbá rẹ̀ ní Karu, Àbújá, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Abímbọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí Kúnbi, ìyàwó Àjíṣafẹ́, kí ó tó jókòó.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ kú ìrọ́jú, sà."

"À ń rọ́jú ni," Kúnbi dáhùn.

Abímbọ́lá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ohun tó bá wá. Káńsù tiwọn àti káńsù ìpínlẹ̀ tó wà lódìkejì afárá ààlà, pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá ìhà méjèèjì, ti fẹnu kò. Lọ́jọ́bọ̀ ni wọn yóò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn.

"Àwọn ọ̀daràn á ṣiṣẹ́ ibi lọ́dọ̀ wa, wọ́n á sá kọjá afárá, wọ́n á máa fi wá rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún," ó ní. "Ìyẹn ti parí. Fijilanté, àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tiwa, lè lé wọn dé ọ̀dọ̀ wọn, tiwọn náà lè lé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Orúkọ Iredélé la sì fẹ́ fi pe ikọ̀ tuntun náà, bí ẹ bá gbà fún wa."

Kúnbi fi ìborùn bo ojú. Nígbà tó ṣí i, ẹ̀rín àti omijé ti dàpọ̀ níbẹ̀. "Wọ́n á máa pè é," ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Bàbá, ẹ gbọ́? Ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa pe orúkọ rẹ̀."

Àjíṣafẹ́ mi orí.

Gbogbo àdúgbò ló mọ bí Iredélé ṣe kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ létí títì, kò mọ̀ pé wan-ṣáàǹsì ni, pé adigunjalè ni awakọ̀ àti àwọn tó jókòó bí èrò. Wọ́n yà gba ọ̀nà abúlé. Àwọn fijilanté káńsù rí ọwọ́ kan tó ń lu gíláàsì, wọ́n sì fi ọ̀kadà méjì lé ọkọ̀ náà títí dé afárá kékeré tí ilẹ̀ Àbújá parí sí. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n rí òkú ọmọ náà ní ìhà kejì, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yọ búlọ́ọ̀kù.

Ohun tí Kúnbi kò mọ̀ ni ìdí tí wọ́n fi dúró.

Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, Àjíṣafẹ́ ṣì ni akọ̀wé àgbà káńsù. Àwọn fijilanté lé olè kan kọjá afárá, àwọn ọlọ́pàá ìhà ọ̀hún sì ṣì wọ́n mú bí adigunjalè, wọ́n tì wọ́n mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́rin. Inú bí alága káńsù. Ó ní kí Àjíṣafẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn fijilanté pé kí wọ́n máa padà níbi afárá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àjíṣafẹ́ kọ ọ́. Ilé ìwé ìjọ ní Ẹ̀gbẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, àwọn olùkọ́ rẹ̀ kì í sì í fẹ́ ọ̀rọ̀ tó fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè. Lẹ́yìn tó kọ ohun tí alága sọ tán, ó wò ó, ó dà bíi pé kò tíì pé. Ó fi gbólóhùn kan kún un láti inú ara rẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá, bí ó ti wù kí ọ̀ràn náà kánjú tó. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó lu òǹtẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì fijilanté.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ọmọ rẹ̀ ni ó rántí. Láti ìgbà náà, kò sọ fún ẹnì kankan.

Ní ọjọ́rú, ó lọ bá Àbdùlláhì, olórí àwọn fijilanté, níbi tó ti ń tún ṣéènì ọ̀kadà ṣe.

"Sànnu, Baba," Àbdùlláhì kí i lédè Haúsá.

"Yauwa. Àbdùlláhì, lẹ́tà yẹn ńkọ́?"

Àbdùlláhì kò bi í léèrè pé lẹ́tà wo. Ó fi àkísà nu ọwọ́. "Mo ti yọ ọ́ lára ògiri. Inú àpótí mi ló wà. Kò sẹ́ni tó máa rí i."

"Ìwọ lo wà níwájú lọ́jọ́ náà."

"Èmi ni."

"Báwo lẹ ṣe sún mọ́ wọn tó?"

"Kai, Baba, ẹ má bi mí ní ìyẹn."

"Mo ti bi ọ́ ná."

Àbdùlláhì wo ilẹ̀. "Mo rí nọ́ńbà ọkọ̀ wọn. Mo ní ká máa lọ. Èkejì mi ló pariwo, ó ní, 'Ọ̀gá, lẹ́tà Baba ńkọ́? Wọ́n ní bó ti wù kó kánjú tó.' Mo tẹ bíréèkì." Ó wá gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà mọ̀wé kọ jù, Baba. Ká ní alága fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa lè kà á nínú wa."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì.

"Ẹ lọ jókòó ti Màmá Iredélé lọ́la," Àbdùlláhì wí. "Ẹ jẹ́ kí inú wọn dùn fún ọjọ́ kan péré."

Lọ́jọ́bọ̀, Kúnbi wé gèlè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Iwájú ni wọ́n fi òun àti Àjíṣafẹ́ sí nínú gbọ̀ngàn káńsù. Abímbọ́lá ń ka ìwé àdéhùn náà ní ẹsẹ-ẹsẹ, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ afárá, akọ̀wé káńsù kejì nawọ́. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ó ń wọ awò ojú.

"Ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ kún un," ó ní. "Kí fijilanté máa dúró níbi afárá títí ọlọ́pàá ìhà kejì yóò fi fún wọn láṣẹ. Ká má baà tún máa ṣi ara wa mú bíi ti ìjọ́sí."

Àwọn èèyàn mi orí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Abímbọ́lá lọ́ra, ṣùgbọ́n bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àjíṣafẹ́ wo ọwọ́ Kúnbi tó fara balẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Àbdùlláhì tó ń mi orí fún un pé rárá. Bí òun bá dákẹ́, wọn yóò tún máa dúró níbi afárá náà, orúkọ ọmọ òun ni wọn yóò sì máa jẹ́ níbẹ̀. Ó dìde.

"Ẹ má kọ ọ́."

"Baba, ẹ máà bínú, gbólóhùn kan péré ni."

"Gbólóhùn kan péré ni tèmi náà," Àjíṣafẹ́ wí. "Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ mi kọjá, lẹ́tà ló dá àwọn fijilanté dúró. Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà. Alága ní kí wọ́n máa padà. Èmi ni mo fi kún un pé bó ti wù kó kánjú tó. Kò sẹ́ni tó rán mi."

Akọ̀wé tó nawọ́ bọ́ awò rẹ̀, ó ní, "Ẹ yọ ọ̀rọ̀ mi kúrò." Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé náà, wọ́n pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n Àjíṣafẹ́ kò gbọ́, nítorí Kúnbi ti yíjú sí i, ó sì ń wò ó.

Ìta ni ó ti sọ̀rọ̀.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú."

"Oṣù mẹ́jọ." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Mo lè gbàgbé lẹ́tà. Iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ bi Ọlọ́run pé kí ló dá wọn dúró. Ẹ̀gbẹ́ mi lẹ máa ń kúnlẹ̀ sí. Ẹ sì jẹ́ kí n máa bi Í."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kó aṣọ díẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Gwagwalada. Àjíṣafẹ́ bá a gbé báàgì dé ìdí ọkọ̀. Kúnbi kò ní kó má gbé e, kò sì ní kó bá òun lọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Àbdùlláhì pè é lórí fóònù láàárọ̀. Ó ní àwọn lé ọkọ̀ wan-ṣáàǹsì kan kọjá afárá lánàá. Àwọn ọlọ́pàá ìhà kejì ti dí ọ̀nà de ọkọ̀ náà níwájú. Ọmọbìnrin kan bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Apá rẹ̀ kán, ṣùgbọ́n ó wà láàyè.

Àjíṣafẹ́ jókòó pẹ́ kí ó tó pe Kúnbi. Kúnbi gbé fóònù. Àjíṣafẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, ohùn àwọn ọmọ àbúrò Kúnbi nìkan ló ń gbọ́, tí wọ́n ń jà sí ṣíbí.

"Kí lorúkọ ọmọ náà?" Kúnbi béèrè níkẹyìn.

"N kò bi wọ́n."

"Ẹ lọ bi wọ́n. Ẹ bi wọ́n bóyá ìyá rẹ̀ ti rí i. Kí ẹ wá pè mí."

"Mo gbọ́," ó wí. Ó wá bàtà rẹ̀ kan lábẹ́ àga, ó rí èkejì lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jáde lọ.