Ta Ló Ń Jẹ Píìlì Màmá?

Nígbà tí píìlì kẹta kú láàárín oṣù mẹ́ta, Kafayatou gbà pé olè wà nínú ilé. Kò sì wá a jìnnà. Honorine ni, ìyàwó Daouda àbúrò rẹ̀, ọmọ Gun láti Avrankou, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀ tó bá ń rìn.

Píìlì tí à ń wí yìí, bátìrì kékeré onígun mẹ́rin ni, inú bọ́tìnnì kan tí Màmá ń fi okùn kọ́ ọrùn ló ń gbé. Tí Màmá bá tẹ bọ́tìnnì náà nínú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, aago á dún ní ṣọ́ọ̀bù Kafayatou níwájú ilé, láìsí wáyà kankan. Bísí, ìbátan wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì l'Ékòó, ló fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí ikọ́ fée ká Màmá mọ́ yàrá, tí kò rí èémí fi pariwo, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Bísí ní píìlì kan yẹ kó lo ọdún kan.

Ọdún kan! Ta ló wá ń jẹ ẹ́? Ta ló ní rédíò kékeré tó ń lo irú píìlì yẹn gan-an? Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba, tí wọ́n ní kí oníkálukú máa ṣọ́ àwọn ọ̀tá Ìyípadà, ìyẹn ìjọba tuntun wọn, rédíò Honorine kò jẹ́ kí etí ẹnikẹ́ni sinmi ní Tokpota, àdúgbò wọn. Kafayatou kò mọ ọ̀tá Ìyípadà kankan. Ọ̀tá tiẹ̀ wà nídìí ààrò, ó ń dín ẹja.

Ó fi ìṣó họ ìlà mẹ́ta sára píìlì kẹrin tí Daouda rà bọ̀ láti ibodè Kraké, kó lè dá a mọ̀. Ó kìlọ̀ fún Honorine pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn mọ́ láéláé. Láti ọjọ́ yẹn, kò dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti máa ń dán aago wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìgbà tí ìfura wọ̀ ọ́ tán, ó kọjá bẹ́ẹ̀. Bí Honorine bá gbálẹ̀ yàrá Màmá, kò ní tíì jáde tán tí Kafayatou á ti dé.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má tíì ṣíwọ́ o, ẹ jẹ́ kí n sáré dé ṣọ́ọ̀bù kí n gbọ́ ọ."

"Kafayatou, ṣé agogo iléèwé lo sọ mí dà ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ìfura loògùn àgbà, òun náà sì ń lò ó láìwọ̀n.

Nígbà tó yá, rédíò Honorine bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Háà! Ó ti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n má baà mú un! Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, Kafayatou yọ́ wọ yàrá rẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn rédíò náà, ó yọ píìlì inú rẹ̀. Ìlà mẹ́ta.

"Honorine! Wá wo ohun tó o fẹ́ fi pa ìyá mi!"

Honorine sáré dé, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́. "Tàntí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n—"

"Olè! Bí ikọ́ bá dé sí Màmá báyìí, kí ló máa fi pè mí?"

Kó tó pa ẹnu dé, aago dún ní ṣọ́ọ̀bù.

Píìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, aago sì ń dún. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Honorine ti sáré kọjá.

Nígbà tí Kafayatou dé yàrá, Honorine ti gbé Màmá jókòó, ó ti fún un ní oògùn, ó ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn, ó ń tù ú ní èdè Gun. Ó pẹ́ kí èémí tó padà.

Kafayatou ṣí bọ́tìnnì náà. Píìlì inú rẹ̀ kò ní ìlà kankan.

"Tèmi ni," Honorine wí, kò gbójú sókè. "Iná pupa ara bọ́tìnnì ti fẹ́ẹ̀ kú lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Mo fi tèmi síbẹ̀, mo fi tiyín sínú rédíò."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Tàntí, ṣé ẹ̀ ń dá mi lóhùn ni?"

Màmá gbé ọwọ́ sókè, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ lò ń jẹ ẹ́," ó wí, èémí sì ń já a lẹ́nu. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń tán."

Ojú ti Kafayatou débi pé ó wá ibi tó máa gbé e sí, kò rí i. Ká ní Honorine gbọ́ràn sí òun lẹ́nu ni, tí kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn, Màmá ì bá ti kú sórí ibùsùn yìí lónìí. Òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ, ó wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú ìyàwó ilé, ó sì bú sẹ́kún.