Ìrọ̀rí Ọ̀fẹ́ fún Àdúgbò

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìrọ̀rí ni ọ̀gá wa ń darí. Èèyàn dáadáa ni. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ó fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé èèyàn dáadáa lòun.

Lọ́jọ́ kan, ó ní ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ wa ṣe ojúṣe rẹ̀ fún àdúgbò. Ká kó ìrọ̀rí méjì-méjì lọ fún ojúlé kọ̀ọ̀kan tó yí wa ká, ká sì mú onífọ́tò dání. Èmi akọ̀wé rẹ̀ ni mo ru ìrọ̀rí.

Ilé Ìyá Àgbẹ̀bí, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, la kọ́kọ́ wọ̀. Ògiri kan péré ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ńlá wa, tó máa ń ké láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ń ké, jẹnẹrétọ̀ ń ké, kò sí èyí tó fẹ́ gbà fún èkejì.

"Ẹ káàsán o, Ìyá!" Ọ̀gá pariwo. "Ẹ̀bùn la mú wá!"

"Ẹ ní kí lẹ mú wá?"

"Ìrọ̀rí!"

"Ìrora kẹ̀? Ìyẹn ń dé ọ̀dọ̀ wa lójoojúmọ́. Ẹ ṣeun!"

Onífọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wò ó, ó pa ẹnu mọ́ kíá.

Nígbà tí ìyá rí ohun tá a gbé wá, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. "Ó rọ̀ dáadáa. Àmọ́ ìrọ̀rí ò wọ́n wa nílé yìí, oorun ni. Ṣé ẹ máa ń ṣe ìyẹn náà?"

Ọ̀gá ní òun ò gbọ́. Ni ìyá bá gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. "Ẹ bá mi rẹ̀ ẹ́. Tó bá ti sùn, kí wọ́n ya fọ́tò tó bá wù yín."

Eré la pè é. Wákàtí kan gbáko ni ọ̀gá wa fi ń rìn kiri inú yàrá yẹn, táì rẹ̀ ti lọ sí ẹ̀yìn ọrùn, òógùn bò ó. Ọmọ á dijú, jẹnẹrétọ̀ á wúkọ́, ọmọ á tún lajú. Nígbà tó yá, ọ̀gá yíjú sí mi.

"Jọ̀ọ́, lọ bá mi pa nǹkan yẹn."

"Ọ̀gá, àwọn aránṣọ wà lẹ́nu iṣẹ́ o."

"Mo ní kó o lọ pa á!"

Kí n tó padà dé, ọmọ ti sùn. Ìyá Àgbẹ̀bí náà ti ń tòògbé lórí àga. Ọ̀gá dúró gbagidi, kò lè mira kí ọmọ má baà jí, ojú sì ń tì í.

"Ọdún mẹ́fà," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn síbẹ̀, n ò wọ ilé yìí rí."

Kò jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò kankan. Láàárín oṣù kan, ó kọ́ yàrá ológiri nínípọn sí òdìkejì ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì tiẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ síbẹ̀.

Ìyá Àgbẹ̀bí wá dúpẹ́. Ó ní, "Àṣé tọkọtaya tó kọjú sí ilé wa máa ń jà! Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ báyìí. Ó dùn kọjá àlà."

Ọ̀gá fa àga fún un. "Kí ni wọ́n ń jà sí, Ìyá?"

Bó ṣe jókòó nìyẹn. Iṣẹ́ ò lọ bọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.