Òjé Inú Odò

Gbogbo àdúgbò ló ń kí Bánkọ́lé kú iṣẹ́ nígbà tí wọ́n parí gọ́tà tuntun náà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni, òun sì ni alága àwọn onílé ní òpópónà wọn n'Ìkẹ́rẹ́. Òun ló sáré sáré títí wọ́n fi wá ṣe é. Àgbàrá kò wọ yàrá ẹnikẹ́ni mọ́, tààrà ló ń já sódò.

Kí gọ́tà yìí tó dé, inú àbàtà ni àgbàrá yẹn ń gbà, láàárín kókò àti koríko. Á sinmi níbẹ̀, á fi ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀, kó tó dé odò tó mọ́ gaara, tí èèyàn ń rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Bánkọ́lé ló ní kí gọ́tà la àbàtà já. Kò ro tàwọn tó ń tú bátìrì mọ́tò lókè, tí wọ́n ń da omi inú rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Oyèkọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń yẹ omi wò, pè é lórí fóònù.

"Alága, òjé, májèlé inú bátìrì, pọ̀ nínú odò yín. Kí aboyún má fẹnu kàn án o."

Bánkọ́lé pa fóònù. Inú odò yẹn ni màmá rẹ̀, Dáraọlá, ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí kó tó sá a, kó tó lọ̀ ọ́ di láfún. Bùsọ́lá, ìyàwó rẹ̀, sì lóyún. Láfún ìyakọ rẹ̀ nìkan ló ń dúró níkùn rẹ̀.

Ó fò sórí ọ̀kadà.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ jí nǹkan gbé ni?" ni ọlọ́kadà bi í.

"Sáré, jàre!"

Ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ro láfún, ọmọorogùn lọ́wọ́, Bùsọ́lá jókòó tì í.

"Màmá, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Òjé wà nínú omi tẹ́ ẹ fi rẹ ẹ́!"

"Ẹ gbọ́ tíṣà! Omi tí mo fi tọ́ ọ dàgbà nínú ulé yìí? Iná á pa á."

"Iná kì í pa òjé, Màmá. Omi bátìrì ni. Gọ́tà tí mo ní kí wọ́n ṣe ló ń gbé e lọ."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyá. Bùsọ́lá gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń jẹ ẹ́."

Dáraọlá ti ń so gèlè. "Dìde, ìyàwó mi, dókítà yá." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀ lé wọn. "Níbo? Mo bu láfún fún Fúnmi aládùúgbò wa, mo bu fún ìyàwó Ìgè, ọmọ wà nínú àwọn náà. Lọ bá wọn."

"Kí n ní kí ni?"

"Ohun tó o sọ fún mi."

Bánkọ́lé kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́.

"Háà, alága wa!" ni Fúnmi ń wí láti inú ilé. "Ẹ wọlé, ẹ bá wa jẹun!"