Irú Nínú Ọbẹ̀ Sichuan

Fadékẹ́ ń dáná nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà kan ní Dún Laoghaire, nílẹ̀ Ireland. Lin, ọ̀gá rẹ̀, ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ojúlówó oúnjẹ Sichuan, ìpínlẹ̀ wọn ní Ṣáínà, nìkan làwọn ń tà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀wà sóyà dúdú tí wọ́n máa ń bò bí irú tán nílé ìdáná. Ṣé kó wá ní kí oníbàárà máa lọ ni? Fadékẹ́ bu irú tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti Ìsẹ́yìn, ó dà á sínú ọbẹ̀ tófù, ìyẹn wàrà ẹ̀wà sóyà.

Àṣé ìyá Lin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sichuan dé, ló fẹ́ jẹ ẹ́.

Ìyá àgbà náà tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n sì wọlé ìdáná wá. Lin tẹ̀ lé wọn.

“Màmá ní láti ìgbà tí ìyá àwọn ti kú, àwọn ò gbóòórùn ẹ̀wà báyìí mọ́,” Lin ń túmọ̀. “Wọ́n ní abúlé wo ní Sichuan ló ti wá.”

Fadékẹ́ jẹ́wọ́ pé, “Ìsẹ́yìn ni, Mà. Ní Nàìjíríà. Ẹ má bínú.”

Lin túmọ̀ ìyẹn náà, pẹ̀lú ojú líle. Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ata tí gbogbo Sichuan ń fi yangàn gan-an, àjèjì ló gbé e wọ̀lú.

Ọkàn Fadékẹ́ balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ìyá àgbà ní kó di irú díẹ̀ fáwọn, káwọn ará ilé ní Sichuan lè tọ́ ojúlówó wò.